Ọbẹ̀ Tó Hù Lẹ́yìnkùlé

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ lù. Òjò ti dá, àmọ́ omi ṣì ń kán tó, tó, tó láti etí páànù ilé kan ní Àpáta, n'Ìbàdàn. Ìyá àgbà kan, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ki ẹsẹ̀ bọ bàtà rọ́bà, ó mú ọ̀bẹ pẹ̀lú ajọ̀, ó gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde. Kò pẹ́ tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi wọlé padà. Ṣọkọ tó tó ìdì méjì ti ọjà wà nínú ajọ̀ náà, àti ẹ̀kúnwọ́ gbúre kan, ewé efinrin mélòó kan, pẹ̀lú ata rodo mẹ́rin tí ọ̀kan nínú wọn kò tíì pọ́n tán.

Ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó wá lo ìsinmi láti Èkó, ti ṣí fíríìjì wò lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí ẹran, kò sí tòmátì.

"Màmá àgbà, kò mà sí nǹkan kan nílé tí a lè sè."

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ sórí pẹpẹ ilé ìdáná, ó ń gbé wọn kalẹ̀ níkọ̀ọ̀kan: ìgò epo pupa, ike irú, edé lílọ̀, panla gbígbẹ méjì, iyọ̀, àlùbọ́sà, èlùbọ́ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì onídèérí. Ó da omi gbígbóná sórí panla. Bí ìyẹn ṣe ń rọ̀, ọmọbìnrin náà ṣan ẹ̀fọ́, ó sì rẹ́ ẹ. Ata àti àlùbọ́sà wọ inú odó kékeré. Epo gbóná, àlùbọ́sà kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, irú tẹ̀ lé e, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo ilé. Lẹ́yìn náà ni ata, panla, edé àti iyọ̀. Ẹ̀fọ́ ló wọlé kẹ́yìn. Lórí iná kejì, omi àmàlà ti ń hó. Kí agogo tó lu márùn-ún, wọ́n ti wẹwọ́, wọ́n ti jókòó ti oúnjẹ.

Kò sí ohun àrà nínú ìrọ̀lẹ́ yìí lójú ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ilé ní ìlú ńlá, ohun tí ọmọbìnrin yẹn sọ ni wọ́n ń sọ: bí fíríìjì bá ti ṣófo, ilé ṣófo nìyẹn. Àwọn àgbà a máa sọ pé òdú kì í ṣe àìmọ̀ olóko. Lónìí, ọmọ tí wọ́n bí sí ilé alájà lè dúró síwájú ewé òdú, kó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kọjá, kó ní koríko ni.

Àká méjì

Oúnjẹ ilé Yorùbá tó rọrùn kò fìgbà kan dúró lórí ẹsẹ̀ kan. Àká méjì ló gbé e ró. Àkọ́kọ́ jẹ́ alààyè, ẹ̀yìnkùlé ló wà, òjò àti ìgbẹ́ adìyẹ ló sì ń bọ́ ọ. Èkejì gbẹ, orí pẹpẹ tàbí òkè àjà ló ń gbé: gàrí, èlùbọ́, ẹ̀wà, ẹ̀gúsí, irú, edé, ẹja gbígbẹ, epo pupa.

Ọ̀kan kò lè ṣe iṣẹ́ èkejì. Ewé tútù kò lè dúró pẹ́. Bí a bá já a láàárọ̀ tí oòrùn sì pa á, ó ti rọ nìyẹn kó tó dalẹ́. Èlùbọ́ tó gbẹ dáadáa ní tirẹ̀ lè dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù bí kòkòrò kò bá débẹ̀. Ewé ló ń mú ara tu, ohun gbígbẹ ló ń mú ọbẹ̀ dùn, òkèlè ló ń yóni.

Ètò yìí bá bí ọjà ṣe rí láyé àtijọ́ mu. Ọ̀pọ̀ ọjà ilẹ̀ Yorùbá jẹ́ ọjà ọrọọrún, tí wọn kì í ná lójoojúmọ́. Láàárín ọjọ́ ọjà kan sí èkejì, ohun tó wà lẹ́yìnkùlé àti lórí àjà ni ìyá ilé fi ń gbọ́ bùkátà ikùn. Ẹran kì í ṣe dandan nínú irú ọbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹran bá wà, ọlá rẹ̀ ni. Bí kò bá sì sí, irú àti edé á ṣe ojú rẹ̀.

Bí a bá ti ní àká méjèèjì, oúnjẹ tó lè tibẹ̀ jáde kò lóǹkà. A lè da tẹ̀tẹ̀ tí a rẹ́ wẹ́wẹ́ sínú àsáró nígbà tó bá kù díẹ̀ kó jinná. A lè já efinrin díẹ̀ sórí ẹ̀wà tó ń hó lọ́wọ́. Ilá mẹ́wàá láti orí ebè, epo díẹ̀, irú, ata gígún àti ẹja gbígbẹ kan: ilá alásèpọ̀ dé nìyẹn, ìkòkò kan ṣoṣo la ó sì fọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀kọ gbígbóná àti ẹ̀fọ́, kò nílò àlàyé.

Ewé kọ̀ọ̀kan àti òfin tirẹ̀

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni mímọ ohun tí ewé kọ̀ọ̀kan ń fẹ́. Ẹni tó bá fi ọwọ́ kan náà se gbogbo ewé, yóò kan ìjákulẹ̀, yóò sì di ẹ̀bi rẹ̀ ru ẹ̀fọ́.

Tẹ̀tẹ̀ ló yára jù. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà tí a fọ́n irúgbìn rẹ̀, ó ti tó jẹ. Àwọn kan máa ń fà á tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Àwọn tó gbọ́n á gé e, wọ́n á fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀ kó lè tún rúwé. Ṣọkọ náà gba gígé bẹ́ẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ní kíkún, ṣọkọ yọ̀kọ̀tọ̀, dà bí oríkì: ewé tó ń mú kí ara ọkọ dán, kó sì sanra.

Gbúre kì í dúró de ẹni tó máa gbìn ín. Bí igi rẹ̀ bá bọ́ sílẹ̀ tútù, ó hù nìyẹn. Omi ló kún inú rẹ̀, nítorí náà, ẹni tó bá tún bu omi sí i, ọbẹ̀ rẹ̀ á di odò. Ìdí nìyẹn tí ìyá àgbà Àpáta fi pa á pọ̀ mọ́ ṣọkọ: ìkan ń tú omi, ìkejì ń fà á mu.

Ewúro ní tirẹ̀, igi rẹ̀ ni wọ́n ń gún mọ́lẹ̀, ó sì lè wà lẹ́yìnkùlé fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí wọ́n á tún máa fi ṣe ọgbà yí ilé ká. Iyọ̀ àti omi ni wọ́n fi ń gbo ó títí tí ìfófòó rẹ̀ yóò fi dínkù. Àmọ́ wọn kì í fọ ọ́ dórí pé kò ní korò mọ́ rárá, nítorí inú ìkorò tó kù yẹn ni adùn tó ń gbẹ̀yìn ewúro wà.

Òdú korò díẹ̀, ẹ̀bọ̀lọ̀ ní òórùn tirẹ̀. Omi gbígbóná ni a fi ń bọ àwọn méjèèjì, tí a ó fún wọn kí wọ́n tó wọ ìkòkò. Èso òdú tí kò tíì pọ́n kò ṣeé jẹ, torí náà ewé nìkan ni kí a já. Wọ̀rọ̀wọ̀ fẹ́ràn ibòji, abẹ́ kòkó ló sì ti ń fà mọ́ igi ní àwọn oko Èkìtì àti Oǹdó. Ìṣápá kan, àfi kí a sè é, kí a da omi rẹ̀ nù, kó tó bá ẹ̀gúsí ṣe ọ̀rẹ́.

Ewédú ló jẹ́ ọlọ́jọ̀ngbọ̀n láàárín wọn. Èèpo irúgbìn rẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ fi máa ń rì í bọ omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ kí wọ́n tó gbìn ín, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, díẹ̀ ni yóò hù. Nígbà tó bá dé ilé ìdáná, ó tún fẹ́ ìjábẹ̀, ó fẹ́ kán-ún tín-ínrín, ó fẹ́ kí ojú ẹni tó ń sè é wà lára rẹ̀, torí pé bí a bá dé e pa, ó lè hó da sílẹ̀ ká tó yíjú. Síbẹ̀, láti ìgbà tí omi bá ti hó, kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, ewédú ti ṣetán.

Obìnrin kan tó ń ta ẹ̀fọ́ ní ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn ní ó rọrùn láti mọ ẹni tí wọ́n kọ́ àti ẹni tí wọn kò kọ́. "Ẹni tí ìyá rẹ̀ kọ́, á fọwọ́ kan igi ẹ̀fọ́, á wò ó bóyá ó ti gbó. Ẹni tí wọn ò kọ́, iye rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ bèèrè, á ní kí n bá òun rẹ́ ẹ sínú ọ̀rá."

Ohun tó wà nínú ike

Bí ewé bá jẹ́ ara ọbẹ̀, irú ni ẹ̀mí rẹ̀. Inú èso igi irú ni wọ́n ti ń yọ hóró dúdú rẹ̀. Wọ́n á sè é fún ọ̀pọ̀ wákàtí, wọ́n á bó èèpo rẹ̀, wọ́n á tún un sè, wọ́n á wá bò ó mọ́lẹ̀ nínú igbá tàbí apẹ̀rẹ̀ fún bí ọjọ́ méjì sí mẹ́rin. Nínú ooru yẹn ni àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú kò lè rí, èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn ń jẹ́ Bacillus subtilis, ti máa ń ṣiṣẹ́ lé e lórí títí tí òórùn rẹ̀ yóò fi jáde. Irú wooro àti irú pẹ̀tẹ̀ ló wà lọ́jà. Ẹni tó bá fẹ́ kó pẹ́ á fi iyọ̀ sí i, á sá a sóòrùn, tàbí kó fi sínú fíríìsà.

Èròjà amáralókun pọ̀ nínú irú, ìyẹn ló jẹ́ kí ó lè dúró fún ẹran dé ìwọ̀n kan. Ó tún ní iṣẹ́ mìíràn tí àwọn èèyàn kì í sábà rò. Nínú ìkòkò tí irú, edé àti panla bá ti pàdé, màgí kò ní iṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe níbẹ̀ mọ́, iyọ̀ tó ń wọ ara á sì dínkù.

Epo pupa náà ní ìlànà. Àwọ̀ pupa rẹ̀ wá láti ara èròjà tí ara ń sọ di fítámì A. Ẹni tó bá yọ́ epo títí tó fi funfun ti fi iná jó ohun tó sanwó fún.

Nígbà tí ọjà gbóná

Kì í ṣe ìfẹ́ àṣà nìkan ló ń dá àwọn èèyàn padà sí ẹ̀yìnkùlé. Owó ni. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, àjọ NBS tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba Nàìjíríà ní owó oúnjẹ ti fi ìdá 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju bó ṣe wà ní irú àkókò kan náà lọ́dún tó ṣáájú. Ọdún kan ṣáájú ìgbà náà, ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, owó ọkọ̀ tó ń kó oúnjẹ sì fò sókè. Ní oṣù keje ọdún náà, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ ti di pàjáwìrì.

Tòmátì ló kọ́kọ́ ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ilé mọ̀ ọ́n lára. Òkè Ọya ni èyí tó pọ̀ jù nínú tòmátì tí wọ́n ń jẹ ní Èkó àti Ìbàdàn ti ń wá. Nígbà tí kòkòrò Tuta absoluta ba oko tòmátì jẹ́ ní Kàdúná lọ́dún 2016, tí àwọn èèyàn sọ ọ́ ní Ebola tòmátì, iye rẹ̀ lọ́jà di ohun tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀fẹ̀ kiri. Ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ tí àwọn tó mọ ẹ̀fọ́ rírò kò nílò láti kọ́: ọbẹ̀ náà kò fi dandan béèrè tòmátì. Ata, àlùbọ́sà àti irú tó o.

Ìjọba pàápàá ti ké sí àwọn èèyàn rí pé kí wọ́n padà sí àgbàlá wọn. Lọ́dún 1976, ìjọba ológun Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé ètò Operation Feed the Nation kalẹ̀, pé kí olúkúlùkù fi ilẹ̀ tó bá wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ gbin nǹkan jíjẹ. Ìyá àgbà Àpáta ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tíṣà nígbà náà. Ó rántí bí wọ́n ṣe fi ọkọ́ lé àwọn ọmọ iléèwé lọ́wọ́, tí ebè àgbàdo àti tẹ̀tẹ̀ sì gba iwájú kíláàsì. Ètò náà kásẹ̀ nílẹ̀ nígbà tó yá. Ebè tirẹ̀ kò kásẹ̀ nílẹ̀.

Ẹnu àwọn onímọ̀

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, dá a lábàá pé kí àgbàlagbà máa jẹ èso àti ẹ̀fọ́ tó tó 400 gíráàmù, ó kéré tán, lójúmọ́. Àwọn onímọ̀ nípa oúnjẹ ní ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kùnà ni pé òkèlè ló ń kún àwo, tí ẹ̀fọ́ á kàn fara hàn létí rẹ̀.

Wọ́n tún ní bí a ṣe ń tọ́jú ewé ṣe pàtàkì bíi jíjẹ ẹ́. Ìmọ̀ràn wọn kò le: kí a ṣan ẹ̀fọ́ kí a tó rẹ́ ẹ, torí pé fítámì C máa ń bá omi lọ bí a bá ṣàn án lẹ́yìn tí a ti rẹ́ ẹ tán. Ìyẹn gan-an ni ìṣòro ẹ̀fọ́ tí wọ́n ti rẹ́ sínú ọ̀rá lọ́jà. Àfi kí a tún un ṣàn. Kí a má sì jẹ́ kó pẹ́ lórí iná. Epo inú ọbẹ̀ máa ń ran ara lọ́wọ́ láti gba èròjà fítámì A tó wà nínú ewé, fítámì C inú ata sì máa ń jẹ́ kí ara rí ayọ́ọ̀nù inú ẹ̀fọ́ lò. Bí àwọn ìyá àgbà ṣe tò wọ́n sínú ìkòkò láti ọjọ́ pípẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀ ìgbàlódé ṣe bá a.

Gbogbo ara kọ́ ló gba gbogbo ewé bákan náà. Èròjà kan tó ń jẹ́ oxalate pọ̀ nínú gbúre àti tẹ̀tẹ̀, nítorí náà ẹni tí òkúta inú kíndìnrín ń dà láàmú gbọ́dọ̀ bi dókítà rẹ̀ léèrè. Bíbọ ewé nínú omi gbígbóná, kí a sì da omi náà nù, máa ń dín èròjà yìí kù.

Àgbàlá tó di kọnkéré

Ta ló wá ní ẹ̀yìnkùlé mọ́? Ìbéèrè tí àwọn ará Èkó máa ń fi dáhùn nìyẹn. Ní ọ̀pọ̀ ilé, àgbàlá ti di ìńtálọ́ọ̀kì látẹnu géètì dé ògiri ẹ̀yìn, kí ẹrọ̀fọ̀ má baà bá mọ́tò, kí ejò má baà ríbi sá sí. Ewúro àti efinrin ló máa ń kọ́kọ́ bá a lọ.

Àwọn kan ti rí ọgbọ́n ta sí i. Wọ́n ń gé kẹ́ẹ̀gì òróró sí méjì, wọ́n ń lu ihò sí ìdí bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti sán, wọ́n ń rọ ilẹ̀ àti ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà sínú àpò ìrẹsì. Ọkùnrin kan tó ń gbé ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Ṣùúrùlérè ní àpò mẹ́fà ni òun ní ní bálíkónì: mẹ́ta fún tẹ̀tẹ̀, ọ̀kan fún ata, méjì fún gbúre. Kò fi bọ́ ilé pátá, ó kàn ní òun kì í ra ẹ̀fọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́sẹ̀.

Ní Ìdí-Ìṣín n'Ìbàdàn, iléeṣẹ́ ìwádìí NIHORT, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún 1975, wà fún irú iṣẹ́ báyìí: ìwádìí lórí ẹ̀fọ́, èso àti òdòdó. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà máa ń ṣe ìkìlọ̀ fún ẹni tó ń gbin nǹkan nígboro. Omi gọ́tà kò yẹ ẹ̀fọ́. Ilẹ̀ etí títì tí èéfín mọ́tò ń bà lé kò dára. Bí a bá fín oògùn kòkòrò, kí a ka ọjọ́ tí wọ́n kọ sára ìgò rẹ̀ pé kó kọjá kí a tó já ewé. Eérú ni àwọn mìíràn fi ń lé kòkòrò, wọ́n á bù ú wọ́n ewé, wọ́n á sì ṣàn án nù dáadáa kí wọ́n tó sè é.

Kòkòrò nìkan kọ́ sì ni ọ̀tá. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ní ebè ẹ̀fọ́ ládùúgbò tí ewúrẹ́ ti ń rìn fàlàlà.

Lẹ́yìn odi

Àwọn Yorùbá tó wà ní London mọ̀ pé tẹ̀tẹ̀ tútù kì í wọ́pọ̀ nígbà òtútù. Sípínáàṣì ni wọ́n fi ń dípò rẹ̀, èyí tó ti dì nínú fíríìsà pàápàá. Omi rẹ̀ pọ̀, nítorí náà ẹni tí kò bá fún un gbẹ kó tó wọ inú ata, á jẹ ọbẹ̀ tó ń ṣàn lórí àwo. Irú àti edé ni wọ́n máa ń dì mọ́ ẹrù láti ilé. Ewé ṣeé fi òmíràn dípò, irú kò ṣeé fi nǹkan dípò.

Ní Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia lórílẹ̀-èdè Brazil, oúnjẹ kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ efó títí dòní. Ewé tí wọ́n sè ni, pẹ̀lú epo pupa tí wọ́n ń pè ní dendê, edé gbígbẹ, ẹ̀pà àti kajú. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú sọdá òkun kò rí tẹ̀tẹ̀ ilé kó dání. Ewé tí wọ́n bá níbẹ̀ ni wọ́n fi sè é, wọ́n sì pa orúkọ rẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ Àìkú

Ọmọbìnrin tó ní kò sí nǹkan nílé lo ọjọ́ mẹ́sàn-án ní Àpáta. Lọ́jọ́ kẹta, ó bó ewúro títí ọwọ́ rẹ̀ fi korò; ó lá ìka rẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó rokà, ó ní kókó. Ìyá àgbà jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú tó ń padà sí Èkó, ìyá àgbà gé igi ewúro mẹ́ta àti ìdì gbúre kan. Ó fi ìwé ìròyìn tútù wé ìdí wọn, ó fi láílọ́ọ̀nù dì í, ó sì fún un ní ike irú tí ó fi ọ̀rá mẹ́ta dì kí òórùn rẹ̀ má baà gba inú mọ́tò.

Kí wọ́n tó dé ẹnu odi Ìbàdàn, awakọ̀ ti gbórí sókè, ó fímú fà á. "Ta ló gbé irú?"

Obìnrin tó wà ní ìjókòó ẹ̀yìn dáhùn kí ọmọbìnrin náà tó sọ̀rọ̀. Ó ní òun náà gbé.